Ẹni Tí A Rán Gba Owó Òde Tí Ó Sì Di Onílẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí jìnnà sí ilé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kò sì jìnnà sí ẹnikẹ́ni tí bàbá rẹ̀ bá ní oko.

Ní oṣù Kọkànlá 2024, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Bihar, ní ìhà ìlà-oòrùn India, fọwọ́ sí òfin kan tí ó sọ ilẹ̀ tí ó kù nínú ogún ọba Bettiah di ti ìjọba. Ilẹ̀ náà ju 15,000 éékà lọ, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì wà ní agbègbè Champaran, ní ìsàlẹ̀ òkè Himalaya, lẹ́bàá ààlà Nepal. Ọba tí ó ni ín kẹ́yìn kú ní 1893 láìní ọmọ. Láti 1897 ni ìjọba ti ń bá ìdílé náà ṣe àbójútó ogún wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: fún ọdún 127 ni a fi ń pe ilẹ̀ náà ní ti ọba tí ó ti kú, tí àwọn alààyè sì ń ro ó.

Ìròyìn kékeré ni èyí lójú ẹni tí kò mọ ìtàn ibẹ̀. Àwọn àgbà sì sọ pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú àwọn òǹkàwé wa rin ìrìn àjò yìí, kí a lè wo bí ilẹ̀ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti ṣe bọ́ sí ọwọ́ ìdílé kan, àti ohun tí ojú àwọn tí ń ro ó rí.

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba Bengal àti Bihar, àwọn ọba Mughal ni ó ń jọba níbẹ̀. Ọba ní ìpín nínú ìkórè, àgbẹ̀ ní oko tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, láàárín àwọn méjèèjì sì ni ẹnì kan wà tí à ń pè ní zamindar. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó gba owó òde lọ́wọ́ àwọn ará abúlé, kí ó mú ìpín tirẹ̀, kí ó sì fi ìyókù ránṣẹ́ sí ọba. Ènìyàn ńlá ni. Ó lè ní ẹṣin àti ọmọ ogun, ipò náà a sì máa ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ó ti tóbi tó nì, kò lè nawọ́ sí oko àgbẹ̀ kí ó wí pé, "Tèmi ni," gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ nípa aṣọ ọrùn ara rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí àgbẹ̀ bá ti san ohun tí ó yẹ, kì í wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni lé e kúrò.

Ní 1793 ni ohun gbogbo yí padà. Lord Cornwallis ni ó ń ṣe Gómìnà-Àgbà nígbà náà fún ẹgbẹ́ oníṣòwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ilẹ̀ náà. Ó fẹ́ owó tí yóò máa wọlé lọ́dọọdún láìyẹ̀. Ní ilẹ̀ tirẹ̀, àwọn ìjòyè onílẹ̀ ńláńlá ni ó bá níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó wo zamindar, ó rò pé òun rí irú ara òun. Ó wá pàṣẹ pé láti ọjọ́ náà lọ, zamindar ni ó ni ilẹ̀, àti pé iye tí yóò máa san fún ìjọba kò ní yí padà títí láé. Nínú owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ nígbà náà, ìjọba yóò mú ìpín 10 nínú 11, òun yóò mú ìpín kan. Bí oòrùn bá sì wọ̀ lọ́jọ́ tí a dá, tí owó kò pé, a ó ta ilẹ̀ náà ní gbàǹjo.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ara balẹ̀ wo ohun tí ó wà nínú àṣẹ yìí. Wọ́n so owó tí zamindar yóò san mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò so owó tí àgbẹ̀ yóò san. Ohunkóhun tí ilẹ̀ bá mú wá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ti zamindar ni, kódà bí kò bá gbẹ́ kànga kan tàbí la ojú omi kan. Ní 1799, a tún fún un ní agbára láti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù àgbẹ̀ tí ó bá jẹ owó ilẹ̀, láìkọ́kọ́ lọ sí kóòtù. Ó di 1859, àti lẹ́yìn náà 1885, kí ìjọba tó ṣe òfin pé àgbẹ̀ tí ó bá ti ro ilẹ̀ fún ọdún 12 ní ẹ̀tọ́ láti máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ níbẹ̀. Ẹ̀tọ́ tí baba ńlá rẹ̀ ti ní rí ni a wá ń fún un padà bí ẹni ń ṣe é ní oore.

Ìbéèrè yìí kò ṣàjèjì sí wa nílé. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Àpápá ní 1913, tí Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, bèèrè owó rẹ̀, àwọn ilé-ẹjọ́ ìhín wí pé ẹ̀tọ́ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan ni ó ní, àti pé owó ìyẹn nìkan ni a ó san fún un. Olóyè náà lọ sí London pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Herbert Macaulay. Ní 1921 ni ìgbìmọ̀ ìdájọ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì yí ìdájọ́ náà padà, wọ́n ní ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí àti ti ìlú, olóyè ń tọ́jú rẹ̀ fún wọn ni. Viscount Haldane, tí ó ka ìdájọ́ náà, kìlọ̀ pé kí a má ṣe máa fi ojú òfin Gẹ̀ẹ́sì wo ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, ó sì dárúkọ India pẹ̀lú Gúúsù Nàìjíríà nínú ọ̀rọ̀ náà, pé ní ìhà méjèèjì ilẹ̀ lè jẹ́ ti àwùjọ, kì í ṣe ti ẹnì kan. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ náà dé India lẹ́yìn ọdún 128.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Champaran. Gbèsè wọ ọba Bettiah lọ́rùn ní àwọn ọdún 1880. Wọ́n yá owó ńlá ní London, wọ́n sì fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ abúlé lé àwọn òyìnbó olóko aró lọ́wọ́, kí owó tí ó bá ti ibẹ̀ wá lè máa san gbèsè náà. Ohun tí òyìnbó gbà kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo: abúlé ni, pẹ̀lú àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó sùn ní ilẹ̀ ọba jí ní ọjọ́ kejì ó bá ara rẹ̀ lábẹ́ òyìnbó.

Ohun ọ̀gbìn tí ó mú òyìnbó wá síbẹ̀ dà bí èlú tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewéko mìíràn ni. Aró ni à ń fi í ṣe. Ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ni bigha, 20 katha ni ó sì wà nínú bigha kan. Àṣẹ tí òyìnbó pa ni pé nínú gbogbo bigha tí àgbẹ̀ bá ní, kí ó gbin aró sí katha mẹ́ta. Láti inú iye yìí ni a ti rí orúkọ tí wọ́n ń pe àṣà náà, tinkathia. Ó rọrùn létí. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni yóò yan apá ibi tí katha mẹ́ta náà yóò wà, ibi tí ó bá sì lọ́ràá jù ni ó ń yàn. Òun náà ni yóò sọ iye tí òun yóò san, bí ilẹ̀ bá sì ti fẹ̀ tó ni ó fi ń san án, kì í ṣe bí èrè bá ti pọ̀ tó. Ìgbà tí ìrẹsì àgbẹ̀ ń wá ọwọ́ lójú méjèèjì ni aró ń wá ọwọ́ pẹ̀lú, aró ni a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá lóhùn.

Lẹ́yìn èyí ni àwọn owó kéékèèké tí òfin kò mọ̀. Bí òyìnbó bá fẹ́ ra ẹṣin, àwọn àgbẹ̀ a san owó tí à ń pè ní ghorahi. Bí erin ni ó fẹ́ rà, a san hathiahi. Bí egbò bá yọ sí i lára tí ó ń wá owó ìtọ́jú, ghawahi wà fún ìyẹn. Bí bàbá ẹni bá kú, ọmọ a san bapahi-putahi kí orúkọ tirẹ̀ tó rọ́pò ti bàbá nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ sì ni òkú náà lè má tíì tutù nílẹ̀. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin olóyè wa. Olúkúlùkù owó wọ̀nyí ní orúkọ tirẹ̀, ohun tí ó bá sì ti ní orúkọ kì í pẹ́ kí àwọn ènìyàn tó máa pè é ní àṣà ìbílẹ̀.

Ní 1897, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta aró tí a pò nínú ìkòkò láìsí ewé kankan nínú rẹ̀. (Irú aró àtọwọ́dá yìí náà ni ó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláró wa ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn náà, tí ó sì dá arukutu sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ìtàn mìíràn nìyẹn.) Owó aró ewé já wálẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò rò pé ìdáǹdè àgbẹ̀ Champaran dé nìyẹn, nítorí pé kò sí ẹni tí ó tún nílò katha mẹ́ta rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn òyìnbó wí pé àgbẹ̀ ní láti ra òmìnira rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é yẹ kí a wò ó dáadáa, nítorí pé inú òfin tí a ṣe láti dáàbò bo àgbẹ̀ gan-an ni wọ́n ti rí i. Òfin 1885 wí pé bí onílẹ̀ àti àgbẹ̀ bá fohùn ṣọ̀kan láti fi kún owó ilẹ̀, àfikún náà kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Ṣùgbọ́n òfin náà fi àyè kan sílẹ̀: bí onílẹ̀ bá ń tú àgbẹ̀ sílẹ̀ kúrò nínú ọ̀ranyàn láti gbin irúgbìn kan pàtó, àfikún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò kékeré ni. Inú ihò kékeré náà ni wọ́n gba kọjá pẹ̀lú erin àti ẹṣin wọn. Wọ́n fi sharahbeshi, èyíinì ni àfikún owó ilẹ̀, lé àwọn àgbẹ̀ lórí, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń san owó àtẹ̀yìnwá pẹ̀lú ohun tí ó tó ìdajì rẹ̀ lórí rẹ̀. Ní àwọn abúlé tí ó jẹ́ pé fún ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ ni òyìnbó fi gbà á, kò fi kún owó ilẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ọba Bettiah ni yóò jẹ èrè àfikún náà lẹ́yìn òun. Níbẹ̀, owó gọbọi lẹ́ẹ̀kan náà ni ó gbà, wọ́n ń pè é ní tawan. Ẹni tí kò ní owó lọ́wọ́ tẹ ìka sí ìwé gbèsè, pẹ̀lú èlé.

Ẹnu iṣẹ́ olùkọ́ ni a ti ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ni ìwé tí a tẹ ìka sí ṣe dùn wá jù nínú gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè ka lẹ́tà kan dúró níwájú akọ̀wé, a fi àtàǹpàkò rẹ̀ kan tàdáwà, ó tẹ̀ ẹ́, ó lọ sílé. Láti ọjọ́ náà lọ, ìwé ń jẹ́rìí pé ìfẹ́ inú rẹ̀ ni.

Wọn kò dákẹ́. Ní 1907 àti 1908, àwọn àgbẹ̀ tí ó wà ní ìhà Sathi, tí Sheikh Gulab wà lára àwọn aṣíwájú wọn, kọ̀ láti gbin aró. A kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ìjọba rán òṣìṣẹ́ kan lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ ìròyìn, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ará ìlú rí i.

Ní oṣù Kejìlá 1916, nígbà tí Ẹgbẹ́ Congress pàdé ní Lucknow, àgbẹ̀ kan láti Champaran, Raj Kumar Shukla, wá síbẹ̀. Ó tọ Ọ̀gbẹ́ni Gandhi lọ pé kí ó wá wo ìyà tí ń jẹ wọ́n. Gandhi jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun kò tilẹ̀ gbọ́ orúkọ Champaran rí, ká má tíì sọ ibi tí ó wà. Shukla kò jẹ́ kí ó sinmi. Ó bá a dé Kanpur, ó tẹ̀lé e dé ilé rẹ̀ ní Ahmedabad, ó sì ti ń dúró dè é ní Calcutta nígbà tí ó débẹ̀. Nígbà tí ó mú un dé Patna ní oṣù Kẹrin 1917, ilé agbẹjọ́rò ńlá kan ni ó mú un lọ, Rajendra Prasad, ṣùgbọ́n onílé kò sí nílé. Àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wo àlejò náà, wọ́n rò pé àgbẹ̀ lásán ni, wọn kò sì jẹ́ kí ó fa omi nínú kànga nígbà tí wọ́n ń lò ó, nítorí wọn kò mọ irú ìran tí ó ti wá. Ẹ rí i pé ẹni tí ń bọ̀ wá tú ẹrù kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ẹrù mìíràn wà nínú ilé àwọn tí ń bá a tú u.

Ó dé Motihari, olú ìlú agbègbè náà, ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin. Ní ọjọ́ kejì ó gun erin lọ sí abúlé tí wọ́n ti lu àgbẹ̀ kan, ọlọ́pàá sì lé e bá lójú ọ̀nà: àṣẹ dé pé kí ó fi agbègbè náà sílẹ̀. Ó kọ̀wé pé òun kò lọ. Ní ọjọ́ 18, ó dúró ní kóòtù, ó wí pé òótọ́ ni òun rú àṣẹ, kí adájọ́ ṣe ohun tí ó tọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ yí kóòtù ká. Adájọ́ kò mọ ohun tí yóò ṣe, ó sún ìdájọ́ síwájú, kí ọjọ́ rẹ̀ sì tó pé ni Gómìnà ti pàṣẹ kí a pa ẹjọ́ náà tì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ òpìtàn máa ń dúró sí nìyẹn, nítorí ó dùn ún sọ. Lójú tiwa, ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó ṣe pàtàkì jù. Gandhi kò pe ìpàdé ńlá, kò sì sọ̀rọ̀ èébú. Ó jókòó pẹ̀lú Brajkishore Prasad, Rajendra Prasad àti àwọn agbẹjọ́rò mìíràn, wọ́n sì ń kọ ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá wá, wọn a bi í léèrè títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò fi dúró. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń yẹ̀, wọn kò kọ ọ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba jókòó tì wọ́n, wọ́n ní kí ó gbọ́. Ẹ̀rí tí wọ́n kọ sílẹ̀ tó nǹkan bí 8,000. Àwọn agbẹjọ́rò ńlá wọ̀nyí ti mú alásè wá, kálukú pẹ̀lú ìdáná tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ oúnjẹ tí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn. Ó dá wọn lẹ́kun, wọ́n sì ń jẹ nínú ìkòkò kan. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kí Ọ̀gbẹ́ni C. F. Andrews, tí ó jẹ́ míṣọ́nnárì rí, dúró tì wọ́n, Gandhi kọ̀. Ó ní ìdí tí wọ́n fi ń fẹ́ ẹ ni pé ó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń wá ẹ̀yìn rẹ̀ láti sá sí. Andrews bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàì ta sí àwa tí a ti jẹun lórí tábìlì míṣọ́nnárì.

Ẹ̀rí tí a kọ sílẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ gbá dànù. Ní oṣù Kẹfà ìjọba yan ìgbìmọ̀ ìwádìí, Frank Sly ni alága, Gandhi sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú aṣojú àwọn olóko aró àti ti àwọn zamindar. Ní 1918 òfin jáde: tinkathia parẹ́, a dín sharahbeshi kù, a sì dá ìdá kan nínú mẹ́rin tawan padà fún àwọn àgbẹ̀. Àwọn kan bínú pé Gandhi ìbá ti gba gbogbo rẹ̀. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀. Òyìnbó tí ó ń pàṣẹ láàná, tí ó sì ń ka owó padà sí ọwọ́ àgbẹ̀ lónìí, iye owó náà kọ́ ni gbogbo abúlé yóò máa rántí.

Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní abúlé mẹ́ta. Ní abúlé kékeré kan nítòsí Bhitiharwa, ìyàwó Gandhi, Kasturba, bi obìnrin kan léèrè ìdí tí kò fi fọ aṣọ rẹ̀. Obìnrin náà mú un wọ ahéré, ó fi hàn án pé kò sí àpótí, kò sí aṣọ mìíràn níbẹ̀. Èyí tí ó wà lára rẹ̀ ni gbogbo ohun tí ó ní. Bí ó bá fọ̀ ọ́, kí ni yóò fi bora? Ní agbègbè tí ó ń pa aṣọ gbogbo ayé láró ni èyí ti ṣẹlẹ̀.

Òyìnbó lọ, zamindar kù. Ó di 1950 kí ìpínlẹ̀ Bihar tó ṣe òfin tí ó pa ipò náà rẹ́. Ọba Darbhanga, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn zamindar tí ó tóbi jù, gbé ìjọba lọ sí kóòtù, ó sì jàre ní Patna ní 1951. Ìjọba India ní láti tún ìwé òfin ilẹ̀ wọn ṣe lọ́dún náà gan-an, kí ilé-ẹjọ́ gíga jù tó lè fi ọwọ́ sí òfin Bihar ní 1952. Ṣùgbọ́n òfin náà gbà kí zamindar pa ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ń ro mọ́. Ta ni yóò jẹ́rìí pé kì í ṣe òun ni ó ń ro ó? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ lé àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ kí wọ́n lè wí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ náà padà wá gẹ́gẹ́ bí bataidar, ẹni tí ń ro ilẹ̀ ẹlòmíràn tí ó sì ń fún un ní ìdajì ìkórè. Àdéhùn ẹnu lásán ni, kò sí ìwé. Kò tilẹ̀ sí èyí tí a tẹ ìka sí.

Ní Bengal Ìwọ̀-Oòrùn tí ó wà nítòsí wọn, ìjọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní 1978. Wọ́n rán àwọn òṣìṣẹ́ sí abúlé ní alẹ́, nígbà tí àgbẹ̀ ti oko dé, wọ́n jókòó láàárín wọn, wọ́n sì ń kọ orúkọ àwọn tí ń ro ilẹ̀ ní ìpín sínú ìwé ìjọba, kí onílẹ̀ má baà lè lé wọn mọ́. Ó ju 1,400,000 ènìyàn tí orúkọ wọn wọ ìwé nígbẹ̀yìn. D. Bandyopadhyay, tí ó jẹ́ ògúnná gbòǹgbò nínú iṣẹ́ náà, ni Bihar pè ní 2006 láti wá ṣe alága ìgbìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tiwọn. Ní 2008 ó mú àbá wá pé kí òfin dá bataidar mọ̀, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn onílẹ̀ pariwo, ìjọba sì gbé ìwé náà tì.

A sọ èyí fún àwọn olóyè wa tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, pàápàá ní àwọn ilẹ̀ kòkó, níbi tí ohun tí ó jẹ́ iṣu mélòó kan nígbà kan rí ti di àpò kòkó. Ìwé ta ni ó wà lọ́wọ́ àlejò tí ó ti dáko níbẹ̀ fún ìran méjì? Orúkọ ta ni ó sì wà nínú ìwé tí ìdílé yín fi ń pe ara wọn ní onílẹ̀: ti ẹbí ni, tàbí ti ẹni tí ẹbí rán ní iṣẹ́?

Ní ti Bettiah, òfin 2024 ti dáhùn pé ìjọba ni ó ni ín. Ó ku bí wọn yóò ti pín in, àti orúkọ ta ni yóò kọ́kọ́ wọ ìwé. A ó máa wò wọ́n.